Ìgbẹ́ Ẹyẹ Tó Ń Rìn

Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ 43 ló sì wà ní kíláàsì mi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ó tì í sáàárín bàtà àti aṣọ tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà jù. The Very Hungry Caterpillar ti Eric Carle ni, èyí tó jáde lọ́dún 1969: ìtàn kòkòrò ajẹwé kékeré kan tó jáde láti inú ẹyin láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, tó wá oúnjẹ kiri, tó jẹ, tó jẹ, títí ó fi di labalábá. Ẹni tó bá ti mú ìwé náà lọ́wọ́ rí mọ̀ pé wọ́n dá ihò sí àárín àwọn ojú ewé rẹ̀ lóòótọ́, bí ẹni pé kòkòrò náà ló jẹ wọ́n kọjá. Kò sí ọmọ tó máa rí ihò yẹn tí kò ní ti ìka bọ̀ ọ́.

Pírámárì kejì ni mò ń kọ́, nílé ìwé kan ní agbègbè Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Ọdún àkọ́kọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ mi, inú kíláàsì ni mo ti kà á fún wọn. Mo kà á tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ orúkọ àwọn èso inú rẹ̀ sínú nóòtù, ó parí. Mo wá bi wọ́n pé ibo ni irú kòkòrò yìí ń gbé. Ọmọbìnrin kan nàwọ́, ó dìde, ó ní, "Lọ́ńdọ̀nù ni, Àǹtí."

Ìdáhùn yẹn dùn mí. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya òpè. Ohun tí mo fi hàn án ló dá lé. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ápù ni kòkòrò inú ìwé ń jẹ, ó jẹ pear, ó jẹ plum, ó jẹ strawberry, kó tó wá kan ọsàn. Nínú márààrún, ọsàn nìkan ló wà lágbàlá ilé àwọn ọmọ yìí. Nígbà tí mo pe pear, ọkàn gbogbo wọn lọ sórí píà tiwa, èyí tí à ń fi jẹ búrẹ́dì, tí kóró rẹ̀ tó ìkúùkù ọmọdé. Mo yí àwòrán rẹ̀ sí wọn, wọ́n ní rárá o, èyí kì í ṣe píà. Kí ni wọ́n ṣe máa gbà pé kòkòrò tó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè máa gbé lẹ́yìn kíláàsì wọn?

Bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé ibẹ̀. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa, tí àwọn ìyá olóúnjẹ ọ̀sán máa ń já èso rẹ̀ láti fi fọ ẹja. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọjá lára igi yẹn lójoojúmọ́ kí n tó dúró wo ewé rẹ̀. Ìwé yẹn ló mú mi dúró.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo yí ọwọ́ padà. Mo ka ojú ewé méjì péré, ibi tí ẹyin ti wà lórí ewé lábẹ́ òṣùpá, tí ilẹ̀ mọ́, tí kòkòrò já jáde. Mo pa ìwé dé. Wọ́n pariwo, "Àǹtí, ẹ ò tíì kà á tán!" Mo ní a máa kà á tán, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ lọ wò bóyá tiwa náà ti jáde.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú èyí wò, ẹ má kàn kó ọmọ jáde gìrì. Mo ti kọ́kọ́ dé ìdí igi náà ní aago méje, mo gbálẹ̀ yíká, mo wò bóyá ìjàlọ ń kọjá, mo wo abẹ́ ẹ̀ka bóyá agbọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀, mo sì wo ara ọgbà nítorí yèrèpè. Aago mẹ́sàn-án la jáde, kí oòrùn tó mú. Ọmọ 43 kò lè wo ewé kan náà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà mo pín wọn sọ́nà mẹ́ta, olùkọ́ kejì dúró ti àwọn tó kù lórí ẹní pẹ̀lú ìwé àwòrán. Òfin méjì ni mo fún wọn: a ń fi ojú wò, a kì í fọwọ́ já, ẹni tó bá rí nǹkan kò gbọdọ̀ sáré, kó nàwọ́ sókè níbi tó wà.

A wá a, a ò rí i. Ọmọ mẹ́rìnlá yí igi ká, wọ́n ń ṣí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí èèrà, wọ́n rí aláǹtakùn, wọ́n rí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé méjì mẹ́ta. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé mo ti ṣe ìlérí tí mi ò lè mú ṣẹ. Àfìgbà tí ọmọkùnrin kan nàwọ́ sókè. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, orí ló máa ń tẹ̀ ba. Ó nàwọ́, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò dá ojú ara rẹ̀ lójú:

"Àǹtí, ìgbẹ́ ẹyẹ yìí ń rìn."

Gbogbo wa lọ síbẹ̀. Ó gùn tó èékánná ọmọdé, ó dúdú, ó ní àbàwọ́n funfun láàárín, ó ń dán bíi pé ó tutù. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí igi ọsàn baba mi ní Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni títí mo fi dàgbà. Ohun tó fẹ́ kí n rò nìyẹn. Ẹyẹ kì í jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀, nítorí náà kòkòrò kékeré yìí wọ aṣọ ìgbẹ́ ẹyẹ títí yóò fi tóbi díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló máa pa awọ dà, táá di aláwọ̀ ewé, tí a ò ní tètè rí i mọ́ láàárín ewé. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo kàn án lórí fẹ́rẹ́. Ó gbé orí sókè, ó yọ ìwo méjì tín-ínrín tó pọ́n bí ọsàn pípọ́n, òórùn kíkan kan sì jáde lára rẹ̀ bí èso ọsàn tó ti ń rà. Àwọn ọmọ tú ká. Ọmọkùnrin tó rí i nìkan ni kò kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ó ní ká fi òun sílẹ̀."

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọmọ yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká máa fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ọsàn, Yorùbá ni ojú ọmọ fi ń ríran. Mo máa ń ka gbólóhùn inú ìwé bó ṣe wà, n óò sì tún un sọ ní Yorùbá kí wọ́n lè bá mi jiyàn. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn níbi kankan, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo ti mọ ìtàn yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo kọ ọ́ nídàánwò, mo yege. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo kọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, díẹ̀díẹ̀ la ń ka ìwé náà. Ojú ewé kan nínú ilé, ká jáde lọ wo igi, ká padà wá. Mo já ẹ̀ka ọsàn mẹ́ta tí kòkòrò wà lórí wọn, mo fi wọ́n sínú ìgò omi nínú garawa ọ̀dà tí a ti fọ̀ mọ́, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nígbà tí ìwé dé ọjọ́ Sátidé, níbi tí kòkòrò ti ń jẹ kéèkì àti wàràkàṣì àti oríṣiríṣi, ariyanjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan ní irọ́ ni. Èkejì ní kò lè jẹ́ irọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi kòkòrò fúnra rẹ̀. Wọ́n mú búrẹ́dì wá, wọ́n mú ewé máńgòrò, wọ́n mú ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. A kó gbogbo rẹ̀ sínú garawa, a sì yọ ewé ọsàn kúrò láti àárọ̀ títí di àkókò ìsinmi. Kòkòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn kọjá lórí búrẹ́dì. Ọ̀kan gun ewé máńgòrò, ó yí orí sọ́tùn-ún sósì, ó sọ̀kalẹ̀. Bí a ṣe dá ewé ọsàn padà báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí a fi ń gbọ́ "kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́" tí gbogbo kíláàsì bá dákẹ́.

Ìyá wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú labalábá yìí kì í sábà yé ẹyin sí igi tí kì í ṣe ẹbí ọsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń tọ́ ewé wò nígbà tó bá bà lé e, tó bá ti rí i pé ibi tí ọmọ òun lè jẹ ni, yóò fi ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀, róbótó, kò ju orí píìnì lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ewé tó wà nílẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ. À ń kó ìwé ìtàn fún ọmọ bí ẹni tó ń kó ìdáhùn fún un. Ìbéèrè ló yẹ kó jẹ́. Tí ìwé bá ti parí kí ọmọ tó jáde, kí ló tún ń jáde lọ wá? Ẹ kà á dé ibi tó dùn, kí ẹ pa á dé. Tí ọmọ bá rí i níta pé ìwé àti ewé kò bára mu, ẹ má ṣe gbèjà ìwé. Ẹ jẹ́ kó mú ìwé náà.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń fi ìka rẹ̀ sínú ihò ojú ewé ìwé ló tún mú un lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ewé ọsàn tí wọ́n ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ó wò ó, ó yí i. Ó ní, "Ti inú ìwé, àárín ló ti jẹ. Tiwa, etí ló ti bẹ̀rẹ̀." Òótọ́ ni. Kòkòrò tiwa máa ń gun etí ewé, á máa jẹ ẹ́ wọlé bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo lórí ìlà.

Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú rẹ̀ dùn. Bàbá kan ní òun kò sanwó kí ọmọ òun máa kó eruku sí yunifọ́ọ̀mù, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ hàn án, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá kan wọ̀ mí lára ju ìyẹn lọ. Ọ̀gbìn ọsàn ló ń gbìn sínú ọ̀rá tà. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkòrò tẹ́ ẹ ń bọ́ ní kíláàsì yìí, òun ni mò ń ṣà pa láràárọ̀. Ọmọ mi ti wá ń sunkún lé mi lórí báyìí."

Kí n sọ òótọ́, mi ò ní èsì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó wá lóòótọ́, ó gbé ọ̀gbìn ọsàn kan dání tí kò ní ju ewé mẹ́jọ lọ. Ó ní igi ńlá tó wà lẹ́yìn kíláàsì yín, kòkòrò mẹ́wàá kò lè ṣe é ní nǹkan kan, yóò rú ewé mìíràn. Ó ní èyí tí mo gbé dání yìí, kòkòrò kan ṣoṣo máa jẹ ẹ́ tán, owó ilé ìwé ọmọ mi ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wo ọ̀gbìn, wọ́n ń wo garawa. Ẹnì kan béèrè pé ṣé kò lè máa gbé wọn lọ sórí igi ńlá dípò kó máa pa wọ́n. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí igi ńlá lọ́dọ̀ òun. Títí di òní ló ṣì ń ṣà wọ́n. Àmọ́ nígbà mìíràn, ó máa ń di méjì tàbí mẹ́ta sínú ewé, á fi rán ọmọ rẹ̀ sí wa.

Kòkòrò tiwa dẹ́kun ìjẹun lọ́jọ́ kan náà, méjì nínú wọn. Ìwé sọ pé kòkòrò kọ́ ilé kékeré kan yí ara rẹ̀ ká, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cocoon pe ilé náà. A jókòó, à ń retí kí tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Kò kọ́ nǹkan kan. Ó fi ìdí mọ́ ara igi, ó ta fọ́nrán òwú kan ṣoṣo yí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó gbára lé e, ó sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, awọ rẹ̀ bó, ohun tó wà nísàlẹ̀ awọ náà le, ó jọ ewé tó ká. Ọmọ kan tí baba àgbà rẹ̀ jẹ́ akọ̀pẹ ló mọ ohun tó rí: "Ó ti ki ara rẹ̀ sínú igbà!" Bí akọ̀pẹ ṣe máa ń fi igbà gbára lé igi ọ̀pẹ gẹ́lẹ́ ló ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé nǹkan yìí; ọmọ ọdún méje fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀.

Ṣé irọ́ ni ìwé pa nígbà náà? Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn kòkòrò kan wà tó ń fi òwú kọ́lé lóòótọ́, pé mo máa mú ilé wọn wá lọ́la. Ní ọjọ́ kejì, mo mú fìlà sányán baba mi wá láti inú àpótí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, àárín òfì ni wọ́n bí mi sí. A gbọ́ pé sányán ni baba aṣọ, à ń wọ̀ ọ́ lọ sóde, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé òwú kòkòrò ni sányán gidi? Àwọn kòkòrò inú igbó ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn á kóra jọ sínú ilé kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ta lórí igi. Àwọn ìyá wa á kó ilé náà, wọ́n á sè é pẹ̀lú eérú kó lè tú, wọ́n á ran án ní òwú, kó tó dé orí òfì. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, òwú lásán tí wọ́n pa láró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbé fìlà náà yí kíláàsì ká. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n kà lára fìlà baba mi ohun tí wọn kò lè kà nínú ìwé.

Ọjọ́ kejìlá ni labalábá àkọ́kọ́ jáde, láàárọ̀, kí a tó gbàdúrà tán. Ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí wọ́n fún nínú omi, ó rọ̀ mọ́ igi, ìyẹ́ náà sì ń nà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dúdú, pẹ̀lú àbàwọ́n ìyeyè, àti ojú pupa méjì nísàlẹ̀. Èkejì jáde lọ́jọ́ kejì. A tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì.

Ẹ̀kẹta ṣókùnkùn. A dúró dè é. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ihò kékeré kan yọ lára rẹ̀, àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ tí kò ju èèrà lọ sì ń jáde láti inú rẹ̀, wọ́n lé ní ogún. Agbọ́n ti yé ẹyin sí i lára láti ìgbà tí a kò mọ̀, àwọn ọmọ agbọ́n sì ti jẹ ẹ́ láti inú. Mo rò pé kí n gbé garawa náà kúrò kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ti rí i. Ọmọ méjì sunkún. Kò sí èyí nínú ìwé Eric Carle, kò sì sí nínú ìwé ọmọdé kankan tí mo ní. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: agbọ́n náà jẹ́ ìyá, òun náà ń wá ibi tí ọmọ òun ti máa jẹun. Ìyá ọlọ́gbìn ọsàn ni inú rẹ̀ dùn jù nígbà tó gbọ́.

Bí a ṣe pinnu láti ṣe ìwé tiwa nìyẹn. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la lò, nítorí ó funfun, ó sì le. Mo ti ń ro èyí tó máa tẹ̀ lé e. Inú igbó IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí kò jìnnà sí wa, ni ẹyẹ kan ń gbé, ìbátan ẹ̀gà, dúdú pẹ̀lú orí pupa. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti lè rí i ní gbogbo ayé, ó sì ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Lọ́dún 1958, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fún un, Malimbus ibadanensis. Mi ò tíì rí ìwé ìtàn ọmọdé tí ẹyẹ yẹn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gà ọ̀pẹ iwájú ilé ìwé la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kòkòrò ọsàn la kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n jiyàn gidi bóyá kí agbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó rí ìgbẹ́ ẹyẹ tó ń rìn ló ní ó gbọ́dọ̀ wà, òun ló sì ya á, agbọ́n mọ́kànlélógún, ó kà wọ́n bó ṣe ń yà wọ́n. Nígbà tó kan ojú ewé ìjẹun, mo mú irin ìdáhòsíwèé jáde kí n fi lu ihò sáàárín ìwé, bíi ti Carle. Ọmọbìnrin ọjọ́sí gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti etí.